Ẹsẹ̀ Wíwú, Oògùn Ìtọ̀ Méjì, àti Ìyá Kan Tó Dákú Lẹ́yìn Ojúde Ọba

Aláìsàn inú àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. A to ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ láti inú ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, kí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn tó ń lo oògùn rẹ̀ lè rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń fa òmíràn.

Ìyá náà jẹ́ ẹni ọdún 63, ó ń ta gàárì ní ọjà Òkè-Àjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àárọ̀ ọjọ́ kejì Ojúde Ọba ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ dìde lórí ibùsùn lọ tọ̀ ni, ó sì ṣubú lulẹ̀, kò mọ ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti alẹ́ ló ti ń bì. Pajápajá ń mú un ní àtẹ́lẹsẹ̀ àti ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ti ń dàrú díẹ̀: ó ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n pe àbúrò, ó ní kí wọ́n lọ kó gàárì òun wọlé kí òjò tó dé, nígbà tí oòrùn wà lójú ọ̀run. Àwọn ọmọ ti gbà pé rọpá-rọsẹ̀ ni. Àmọ́ ẹnu kò wọ́, apá àti ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbé bákan náà, ó kàn rẹ̀ wọ́n gan-an ni.

Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 104/66 lórí ìdùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó, èyí tó wà lókè já sí 80, òòyì sì tún kọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 108 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n gbẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 7.4 mmol/L, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe ṣúgà ló gbé e ṣubú.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọlé béèrè oògùn tó ń lò. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, Mà." Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnì kan padà sílé lọ kó gbogbo nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn màmá wá, títí kan èyí tí kò ní orúkọ lára. Ohun tó ti inú ọ̀rá náà jáde nìyí: amlodipine 10 mg (tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀), oògùn ìtọ̀ méjì, ìyẹn hydrochlorothiazide 25 mg àti furosemide 40 mg (Lasix ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí), àti diclofenac 100 mg fún orúnkún. Kí èsì láàbù tó dé rárá, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ti lè sọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀.

Èsì náà dé: sódíọ̀mù 121 mmol/L (ó yẹ kó wà láàárín 135 sí 145), pòtásíọ̀mù 2.5 (3.5 sí 5.0), yúríà 14.2, creatinine 168 µmol/L, bẹ́ẹ̀ 78 ni creatinine rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn (méjèèjì ń gòkè bí iṣẹ́ kíndìnrín bá ń lọ sílẹ̀). Magnesium náà lọ sílẹ̀. Nínú àwòrán ECG, tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, ìgbì T ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbì U ti yọ lẹ́yìn rẹ̀, lílù ọkàn tí kò bá ètò mu sì wà láàárín. Ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pòtásíọ̀mù tó bá lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè dá ọkàn dúró lójijì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Oṣù mẹ́rin ṣáájú, wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 172/100, lẹ́yìn náà 168/98. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kíndìnrín rẹ̀ dára. Wọ́n kọ amlodipine 5 mg àti hydrochlorothiazide 12.5 mg fún un, ìyẹn ààbọ̀ hóró, láràárọ̀. Kò sí àléébù nínú ìyẹn. Ìwádìí CREOLE tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide, tàbí amlodipine pẹ̀lú perindopril, ń mú ìfúnpá wálẹ̀ ju perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ó wà ní 148/90. Wọ́n sọ amlodipine di 10 mg, èkejì di 25 mg. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, 132/82.

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́, ìtọ̀ tó máa ń gbọ̀n ọ́n lọ gbọ̀n ọ́n bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ dáwọ́ dúró, ó sì gbà pé oògùn náà ti kú. Ìkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí wú ní ọrùn ẹsẹ̀ bó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Ó so méjèèjì pọ̀: omi tí òun kò tọ̀ mọ́ ló ń lọ sí ẹsẹ̀ òun. Ẹnikẹ́ni ló lè rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò náà rò bẹ́ẹ̀, ó sì fún un ní furosemide 40 mg láràárọ̀ "kí omi yẹn lè jáde", láì béèrè ohun tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó padà wá ra oògùn orúnkún ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gba diclofenac.

Ìdí tí ìtọ̀ fi dín kù tí oògùn kò sì kú

Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 omi láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Lítà kan ààbọ̀ tàbí méjì péré ló ń di ìtọ̀, ìyókù ń padà. Iyọ̀ ló ń fà á padà: ibi tí sódíọ̀mù bá gbà, omi á tẹ̀ lé e. Nínú àwọn ọ̀nà tín-ín-rín inú kíndìnrín, apá àkọ́kọ́ ń gba nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 sódíọ̀mù padà. Ibi tó tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n ń pè ní lúùpù Henle, ń gba nǹkan bí 25. Apá tó tẹ̀ lé e ń gba 5 sí 7. Díẹ̀ tó kù, ìparí ọ̀nà ló ń gbà á, níbi tí họ́mónù aldosterone ti ń pàṣẹ, tí wọ́n sì ti ń fi pòtásíọ̀mù ṣe pàṣípààrọ̀ sódíọ̀mù.

Furosemide ń dí ẹnu ọ̀nà ní lúùpù. Hydrochlorothiazide àti àwọn ẹbí rẹ̀, chlorthalidone àti indapamide, ń dí apá tó tẹ̀ lé e. Amiloride àti spironolactone ń ṣiṣẹ́ ní ìparí, àwọn kì í jẹ́ kí pòtásíọ̀mù jáde.

Ẹni tó bá fi 25 wé 5 á sọ pé furosemide ló lágbára, òun ni ká fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dára, kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ni iṣẹ́ furosemide ẹnu ń gbà. Bó bá ti kúrò nílẹ̀, kíndìnrín á fi wákàtí méjìdínlógún tó kù ṣa iyọ̀ náà padà, pàápàá bí oúnjẹ alẹ́ bá ní iyọ̀ nínú dáadáa. Ìtọ̀ á ya, ìfúnpá kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ibi tí furosemide ti wúlò ni ibi tí omi ti pọ̀ lára lóòótọ́: ọkàn tó ti rẹ̀, tàbí kíndìnrín tí agbára ìsẹ́ rẹ̀ (eGFR) kò tó 30 mL/min mọ́.

Ìpele méjì ni hydrochlorothiazide fi ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iyọ̀ àti omi ń jáde, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ń dín kù, ìfúnpá ń wálẹ̀. Ara kì í gbà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Renin (tó ń ta aldosterone jí) àti aldosterone á gòkè, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí di iyọ̀ mú láwọn ibòmíràn, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, omi inú ẹ̀jẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà. Síbẹ̀ ìfúnpá kò ní padà sókè, nítorí nígbà náà àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké fúnra wọn á ti dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa kọjá láì rí ìdènà púpọ̀. Nítorí náà, iye ìgbà tí èèyàn tọ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n oògùn yìí. 132/82 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó kọ oògùn ti sọ èyí fún màmá lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó.

Ẹsẹ̀ tó wú

Amlodipine ló wú u, kì í ṣe omi tó ṣẹ́kù nínú kíndìnrín. Oògùn náà ń la iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹsẹ̀, kò la èyí tó ń kó o padà. Bí ẹni tó fẹ ojú gọ́tà níbi tí omi ti ń wọlé, tó fi ibi tó ti ń jáde sílẹ̀ bó ṣe wà. Agbára ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ nínú àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà láàárín, omi á máa yọ́ jáde sínú ẹran ara. Ó pọ̀ lára àwọn tó ń lo 10 mg ju àwọn tó ń lo 5 mg lọ, ó sì pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin. Ẹni tó bá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn gàárì láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè bọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Oògùn ìtọ̀ kì í ran irú wíwú yìí lọ́wọ́ tó nǹkan kan. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí wọ́n dín amlodipine kù, tàbí kí wọ́n fi oògùn tó ń la iṣan ìpadà náà kún un, bíi losartan tàbí perindopril.

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún aláìsàn ní furosemide nítorí ẹsẹ̀ wíwú, àwọn ìbéèrè kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ bi í. Ṣé ó lè dùbúlẹ̀ láì fi ìrọ̀rí méjì gbé orí ga kó tó lè mí? Ṣé ojú rẹ̀ ń wú láàárọ̀? Ṣé ẹsẹ̀ kan ló wú ni àbí méjèèjì? Ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dun ni lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú sì nìyẹn. Ṣé ìtọ̀ ń hó bí ọṣẹ? Kí wọ́n ti pépà bọ ìtọ̀ wò bóyá purotéènì wà níbẹ̀. Ti màmá yìí, ẹsẹ̀ méjèèjì ni, ó ń wú nírọ̀lẹ́, ó ń lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, mímí rẹ̀ dán mọ́rán. Bí ẹjọ́ ṣe parí nìyẹn, bí ẹnì kan bá béèrè.

Bí oògùn méjèèjì ṣe pàdé

Furosemide ṣí iyọ̀ sílẹ̀ ní lúùpù. Bó bá jẹ́ òun nìkan, apá tó tẹ̀ lé e ì bá ṣa díẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n hydrochlorothiazide ti jókòó síbẹ̀. Gbogbo sódíọ̀mù náà dà dé ìparí ọ̀nà, níbi tí aldosterone ti gòkè nítorí pé omi ara ti ń gbẹ, pàṣípààrọ̀ sì bẹ̀rẹ̀: sódíọ̀mù díẹ̀ wọlé, pòtásíọ̀mù púpọ̀ jáde. Àwọn dókítà ọkàn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pa méjèèjì pọ̀ fún aláìsàn tí omi kún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń fúnni lọ sílé láì yẹ ẹ wò.

Ti sódíọ̀mù yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ó jáde tán nínú ìtọ̀ ni, àmọ́ omi ló pọ̀ jù ú lọ. Hydrochlorothiazide kì í jẹ́ kí kíndìnrín lè ṣe ìtọ̀ tó là bí omi, bẹ́ẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ láti fa omi padà. Ẹni tó ń lò ó tó bá wá mu omi lámuyó, omi náà kò rí ọ̀nà jáde. Àgbàlagbà obìnrin tí kò sanra ni èyí ń mú jù, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oògùn tàbí tí wọ́n fi kún un. Diclofenac burú sí i: ó ń jẹ́ kí họ́mónù tó ń di omi mú lágbára sí i, ó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìnrín kù, ìyẹn ló gbé creatinine lọ sí 168.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Màmá wà nínú aṣọ òkè pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, kò mu omi kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n ọ́n láàárín èrò, ó sì ti lo oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó jáde. Oòrùn pa á, ó làágùn. Nígbà tó délé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gidi, ó mu omi inú ọ̀rá márùn-ún, ìyẹn lítà méjì ààbọ̀, láàárín wákàtí díẹ̀, kò jẹun. Òru yẹn ni èébì bẹ̀rẹ̀, èébì náà sì tún kó pòtásíọ̀mù lọ.

Ìtọ́jú

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó gbà á ni dírípù dextrose 5%, nítorí kò tíì jẹun. Wọ́n dá a dúró, ó sì dára tí wọ́n dá a dúró. Bí ṣúgà inú rẹ̀ bá ti jó tán, omi lásán ló kù, sódíọ̀mù á tún já. Ṣúgà náà á sì fa pòtásíọ̀mù wọnú sẹ́ẹ̀lì, 2.5 lè di 2.2.

Wọ́n dá furosemide, hydrochlorothiazide, diclofenac àti amlodipine dúró. Wọ́n fa omi iyọ̀ 0.9% sí i lára díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú pòtásíọ̀mù kílóráìdì 20 mmol nínú mílílítà 500, fún wákàtí méjì, ìyẹn 10 mmol ní wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni kì í fi síríńjì ti pòtásíọ̀mù tààrà sínú iṣan. Ó ń pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Gírámù méjì magnesium sulphate tẹ̀ lé e, nítorí bí magnesium bá ṣì wà nílẹ̀, kíndìnrín á máa da pòtásíọ̀mù tí wọ́n ń fún un nù. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn wà lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí.

Sódíọ̀mù ni wọ́n ní láti fi sùúrù gbé. Kò yẹ kó gòkè ju 8 mmol/L lọ láàárín wákàtí 24 nínú irú ẹni báyìí, nítorí ọpọlọ tí sódíọ̀mù kékeré ti mọ́ lára lè bàjẹ́ bí wọ́n bá gbé e sókè lójijì, èèyàn á sì wá di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí gbé ẹsẹ̀ lẹ́yìn tó ti dà bíi pé ara ti yá. Pòtásíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ ń fi kún ewu yẹn. Ohun méjì ló sì máa ń tan àwọn tó ń tọ́jú jẹ. Pòtásíọ̀mù tí wọ́n ń fún un náà ń gbé sódíọ̀mù sókè, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ ọn. Bí omi ara bá sì ti padà tó, họ́mónù tó ń di omi mú á pa rẹ́, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí tọ ìtọ̀ tó là gaara, sódíọ̀mù á sì gun òkè fúnra rẹ̀. Ìtọ̀ tó bá kọjá mílílítà 100 ní wákàtí ni àmì rẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní wákàtí kejìlá, ìtọ̀ náà dé bí wọ́n ṣe retí. Sódíọ̀mù ti di 126. Wọ́n dá omi iyọ̀ dúró, wọ́n ń fún un ní pòtásíọ̀mù lẹ́nu. Ní wákàtí kẹrìnlélógún, ó jẹ́ 128, pòtásíọ̀mù 3.1. Ọjọ́ kejì, 132 àti 3.6, ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ló padà sílé, sódíọ̀mù 136, pòtásíọ̀mù 4.0, creatinine 92.

Lẹ́yìn náà

Ìfúnpá rẹ̀ padà sí 158/94 ní ọ̀sẹ̀ kejì, bó ṣe yẹ kó rí. Wọ́n fún un ní amlodipine 5 mg pẹ̀lú losartan 50 mg. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wọn pòtásíọ̀mù àti creatinine, nítorí losartan lè gbé pòtásíọ̀mù sókè. 4.4 àti 88: ó dára. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, 136/82, ẹsẹ̀ kò wú mọ́ àfi díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà ńlá. Wọn kò dá hydrochlorothiazide padà fún un, wọn kò sì ní dá a padà; ẹni tí sódíọ̀mù rẹ̀ bá já lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè tún já. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú fáìlì rẹ̀.

Ẹlòmíràn tó ń lò ó tí ara rẹ̀ sì le kò gbọdọ̀ torí èyí da tirẹ̀ nù. Láti nǹkan bí 1958 tí chlorothiazide ti jáde ni irú oògùn yìí ti ń dènà rọpá-rọsẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó wọ́n kéré jù. Ohun tó nílò ni àyẹ̀wò sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù àti creatinine kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, àti nígbà tí wọ́n bá fi kún un. Àárọ̀ ni kó máa lò ó. Bó bá ń rìnrìn àjò láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó, kó lò ó nígbà tó bá débẹ̀, kó má fò ó. Lọ́jọ́ tí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un tí kò lè jẹun, kó dá a dúró, kó sì pe ilé ìwòsàn. Ẹni tí gáùtù (àrùn oríkèé ríro) máa ń mú ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí ó ń gbé uric acid sókè.

Ti iyọ̀: gàárì Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ kò ní iyọ̀ tó nǹkan. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi ń mu ún ló ní in, àti kúùbù tí wọ́n ń dà sínú ìkọ́kọrẹ́; ìdajì kúùbù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ni. Àpapọ̀ tó yẹ lójúmọ́ kò tó síbí tíì kan. Iyọ̀ púpọ̀ pẹ̀lú oògùn ìtọ̀ ń ṣe ìpalára méjì, ó ń ba iṣẹ́ oògùn jẹ́, ó sì ń lé pòtásíọ̀mù jáde sí i. Ewùrà tí wọ́n fi se ìkọ́kọrẹ́ náà, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ní pòtásíọ̀mù dáadáa, wọ́n dára fún ẹni tó ń lo hydrochlorothiazide. Ṣùgbọ́n kò sí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe lè gbé 2.5 dé 4. Ẹni tó ń lo losartan tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì dára ní láti ṣọ́ra fún wọn.

Orúnkún ló kù. Wọ́n ní kí màmá máa lo paracetamol 1 g nígbà tó bá dùn ún, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́, kó sì máa fi ìpara diclofenac ra orúnkún dípò hóró rẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ lórí àga, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní kò rọrùn níwájú àwọn oníbàárà, ó ń ṣe é lẹ́yìn tí ọjà bá ti tú.